Ẹnu Ẹni Ni A Fi Ń Kọ Mé Jẹ: Àwọn Atúnlùúṣe Amẹ́ríkà àti Àwọn Òǹkọ̀wé Èkó ní Ọ̀rúndún Kọkàndínlógún

  Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn atúnlùúṣe àti àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n dìde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí wọ́n fi kálàmù àti ìwàásù gbógun ti oko ẹrú títí ó fi wó. Ẹni tó bá gbọ́ irú àkòrí bẹ́ẹ̀ ní Ajah níbí lè rò pé ìtàn ẹ̀yìn odi ni, pé ohun tó kan ará Amẹ́ríkà kò kan ọmọ onílẹ̀ Ìkàtẹ́, kò sì kan àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Sángótẹ̀dó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé omi kan náà ni ó so wá pọ̀, ohun tí a sì fi omi náà kó lọ, àwọn kan fi omi náà gbé èsì rẹ̀ padà wá.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá fọ́ Èkó ní òpin ọdún 1851, tí Ọba Kòsọ́kọ́ sì gba ojú ọ̀sà lọ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, etíkun tiwa yìí ni ó di ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sí ayé. Èbúté kan wà ní ìhà Lẹ́kkí tí wọ́n ń pè ní Palma. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò òkèèrè ti ń wá bá a. Ní ọjọ́ 28 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1854, Kòsọ́kọ́ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ bá Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dá májẹ̀mú ní Ẹ̀pẹ́ pé àwọn ti wẹ ọwọ́ kúrò nínú òwò ẹrú, Gẹ̀ẹ́sì náà sì gbà pé Palma ni èbúté wọn. Nígbà tí ó fi di ọdún 1863, Palma àti Lẹ́kkí ti bọ́ sí abẹ́ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1854 kan náà tí wọ́n ń tọwọ́ bọ̀wé ní Ẹ̀pẹ́, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun ń fi ìbọn sin ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Anthony Burns gba àárín ìlú kọjá, kí wọ́n lè dá a padà sí oko ẹrú tí ó ti sá kúrò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì tí wọ́n ń kígbe ìtìjú. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ni Harriet Beecher Stowe ti gbé ìwé rẹ̀ lórí Uncle Tom jáde, tí ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò tíì rí ẹrú rí sunkún nítorí ẹrú. Àsìkò kan náà ni gbogbo rẹ̀. Iná tó ń jó lọ́hùn-ún, ẹta rẹ̀ ń ta dé ẹsẹ̀ wa.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn funfun onínúure, láti ọ̀dọ̀ William Lloyd Garrison tó dá ìwé ìròyìn *The Liberator* sílẹ̀ ní ọdún 1831 tí kò sì jẹ́ kó sinmi títí òmìnira fi dé ní ọdún 1865. Ọkùnrin gidi ni Garrison, a kò ní gba iyì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1827, ní New York, Samuel Cornish àti John Russwurm, tí wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú méjèèjì, ti tẹ *Freedom's Journal* jáde, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ti dúdú fúnra rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ohun tí wọ́n sì sọ nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni pé àwọn fẹ́ fi ẹnu ara àwọn ro ẹjọ́ ara àwọn, nítorí ó ti pẹ́ jù tí àwọn ẹlòmíràn ti ń rò ó fún wọn. Ẹnu ẹni ni a fi ń kọ mé jẹ. Orí òwe yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí dúró lé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Russwurm pamọ́ sí àyà yín, nítorí a ó tún pàdé rẹ̀.

Ẹni tó sọ ìtumọ̀ òwe náà di ìṣe jù lọ ni Frederick Douglass, ẹrú tó sá kúrò ní Maryland ní ọdún 1838, tó kọ ìtàn ayé ara rẹ̀ ní ọdún 1845, tí ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn kan kò gbà pé ó ti ṣe ẹrú rí. Nígbà tí ó wà lábẹ́ àwọn Garrison, ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kó dìde lórí pèpéle, kó ka ìyà tó jẹ, kó sì jókòó. Wọ́n ní kó fi àlàyé àti ìrònú sílẹ̀ fún àwọn. Ẹ wo ẹ̀dùn ọkàn tó wà níbẹ̀! Ẹni tí a nà ni kó ṣí ẹ̀yìn hàn, ẹni tí a kò nà ni yóò sọ ohun tí ẹgba náà túmọ̀ sí. Douglass fi ọ̀wọ̀ gbọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gba ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Boston ní kó má dá ìwé ìròyìn sílẹ̀, pé kò ní pẹ́ kú. Ó fi owó tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá jọ ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó kó lọ sí Rochester, *The North Star* sì jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Disẹ́mbà ọdún 1847. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn obìnrin pàdé ní Seneca Falls láti béèrè ẹ̀tọ́ wọn, Douglass wà níbẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ tì wọ́n lẹ́yìn pé kí wọ́n béèrè fún ẹ̀tọ́ ìbò. Ẹni tí ó ti mọ bí ó ṣe rí kí a máa fi ẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ fún un, kò ṣòro fún un láti mọ̀ bí ó ṣe rí lára obìnrin.

Ẹnì kejì tó bá Douglass ṣe àkóso ìwé ìròyìn náà ni Martin Robison Delany, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìtàn sì ti ń rìn bọ̀ wá sílé. A bí i ní òmìnira ní Virginia ní ọdún 1812. Ó ti tẹ ìwé ìròyìn tirẹ̀, *The Mystery*, ní Pittsburgh láti ọdún 1843. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Nígbà tí Harvard sì gbà á wọlé ní ọdún 1850 pẹ̀lú àwọn dúdú méjì mìíràn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ funfun fárígá, ọ̀gá ilé-ìwé náà sì ní kí wọ́n máa lọ. Ta ni ọ̀gá náà? Oliver Wendell Holmes ni, akéwì tí gbogbo Amẹ́ríkà ń kàn sáárá sí. Mo mẹ́nu kan èyí nítorí àwọn ọmọ wa tó rò pé ẹni tó bá mọ ìwé kọ ti di ẹni rere: kálàmù lè dán lọ́wọ́ ènìyàn, kí ojora sì mú ọkàn rẹ̀ ní ọjọ́ tí ìdájọ́ òdodo bá ń béèrè rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Delany ti pinnu pé dúdú kò ní rí ibi fẹ̀yìn tì ní ilẹ̀ ibẹ̀ àfi bí wọ́n bá ní ilẹ̀ tiwọn. Ó kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1852, ó kọ ìtàn àròsọ *Blake* lórí ẹrú tó ń di ọ̀tẹ̀ láti oko dé oko, ní ọdún 1859 sì ni òun àti Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà kan tó ń kọ́ni ní ilé-ìwé àwọn ọmọ dúdú ní Philadelphia, wọ ọkọ̀ òkun wá sí ilẹ̀ Yorùbá láti wá wá ibi tí àwọn ará wọn yóò máa gbé.

Wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó, wọ́n gba ojú odò Ògùn lọ sí Abẹ́òkúta lábẹ́ Olúmọ, àwọn Ẹ̀gbá sì gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Disẹ́mbà ọdún 1859, Aláké Òkúkẹ́nù àti àwọn ìjòyè rẹ̀ bá wọn tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní Amẹ́ríkà lè wá jókòó ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ń lò, kí wọ́n sì mú ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀kọ́ wọn wá ṣe ìlú lóore, kí wọ́n sì máa pa òfin Ẹ̀gbá mọ́. Ajàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821 tó sì padà di baba ìwé Yorùbá, wà lára àwọn tó ṣe ẹlẹ́rìí. Ní oṣù yẹn gan-an, ní ọjọ́ 3 rẹ̀, ni Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù, tẹ *Ìwé Ìròyìn* rẹ̀ jáde ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè wa. Ọjọ́ náà bá ọjọ́ ìbí *North Star* mu lẹ́yìn ọdún méjìlá gééré.

Ó dùn mọ́ mi láti sọ pé gbogbo rẹ̀ yọrí sí rere, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Kò pẹ́ tí àwọn àlejò náà padà lọ tí àwọn aláṣẹ Ẹ̀gbá fi sẹ́ àdéhùn náà, Townsend sì wà lára àwọn tó ta kò ó. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1861, Delany sì wọ iṣẹ́ ológun, ó di ọ̀gágun kékeré ní ọdún 1865. Àwọn kan a máa di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó oníwàásù. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ní ọwọ́ Delany, bébà tí a tọwọ́ bọ̀ ni ilẹ̀. Ní ọwọ́ Ẹ̀gbá, ilẹ̀ jẹ́ ti òkú, ti alààyè àti ti ọmọ tí a kò tíì bí, ẹni tí a bá sì fún ní ibi tí yóò dáko sí, a kò tíì fún un ní ilẹ̀. Ẹ̀yin ará Lẹ́kkí, ta ni yóò ṣàlàyé èyí fún yín? Ẹ̀yin tí ẹ ń rí ìwé ilẹ̀ kan tó ní olúwa mẹ́ta, tí ẹ ń gbọ́ pé ìjọba ti gba ilẹ̀ tí ìdílé kan ṣẹ̀ṣẹ̀ tà! Atúnlùúṣe tó fẹ́ràn wa gan-an ni Delany, síbẹ̀ ó gbàgbé láti béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ lẹ́nu àwọn tó ni ilẹ̀.

Ní oṣù Épírì ọdún 1860 ni òun àti Campbell kúrò ní Èkó. Ní oṣù Júláì ọdún náà, ọkọ̀ òkun *Clotilda* yọ́ wọ Mobile ní Alabama ní òru pẹ̀lú nǹkan bí ènìyàn 110 tí wọ́n rà ní Ouidah, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tó ń sọ èdè Yorùbá. Bí àwọn kan ti ń wá ọ̀nà láti kó àwọn ọmọ padà wálé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń kó wọn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn tí a kó lọ náà, Kossola, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Cudjo Lewis, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìlú kan dó lẹ́yìn òmìnira, wọ́n sì sọ ọ́ ní Africatown. Òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston lọ bá a ní ọdún 1927, ó jókòó tì í, ó kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àwọn tí ń tẹ ìwé ní kó tún èdè bàbá náà ṣe, ó kọ̀, ìwé náà sì wà nínú àpótí títí di ọdún 2018. Kossola ti kú láti ọdún 1935. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi dúró lẹ́yìn rẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í ṣe tirẹ̀.

Campbell ní tirẹ̀ mọ èyí, nítorí ó ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní kékeré ní Kingston. Nígbà tí ètò Abẹ́òkúta túká, kò jókòó sí Amẹ́ríkà. Ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá sí Èkó ní ọdún 1862, ní oṣù Júùnù ọdún 1863 sì ni *The Anglo-African* jáde, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n. Orúkọ náà ni ti ìwé ìròyìn New York tó tẹ ìtàn *Blake* ti Delany. Freeman, gómìnà Èkó, kò fẹ́ ẹ. Ó dá a lábàá fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní London pé kí wọ́n bu owó orí lé ìwé ìròyìn, wọn kò gbà fún un. Ìwé náà kú ní òpin ọdún 1865, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ni níṣẹ́ kì í kú tán: Richard Beale Blaize, ọmọ Ẹ̀gbá tí a bí ní Freetown, ti ṣiṣẹ́ nínú ilé ìtẹ̀wé Campbell, òun náà ló sì dá *The Lagos Times* sílẹ̀ ní ọdún 1880. Ọmọ Blaize ni Charlotte Ọlájùmọ̀kẹ́ Ọbasá, tó kó àwọn obìnrin Èkó jọ sí ẹgbẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e.

Nísinsin yìí, ẹ mú orúkọ Russwurm jáde. Lẹ́yìn *Freedom's Journal*, ó kúrò ní Amẹ́ríkà lọ sí Liberia ní ọdún 1829, ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn níbẹ̀, láti ọdún 1836 títí ó fi kú ní ọdún 1851 sì ni ó jẹ́ gómìnà ìlú àwọn dúdú ní Cape Palmas. Ní Cape Palmas yẹn, nígbà ìṣàkóso rẹ̀, ní ọdún 1848, ni a bí John Payne Jackson, tó wá ṣòwò ní Èkó, tó sì dá *Lagos Weekly Record* sílẹ̀ ní ọdún 1891. Kò sí ìwé ìròyìn tó dààmú gómìnà òyìnbó tó o ní ilẹ̀ yìí ní àkókò rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, ní Memphis, àwọn jàǹdùkú fọ́ ilé ìtẹ̀wé Ida B. Wells túútúú nítorí ó kọ òtítọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń so dúdú rọ̀ láìṣẹ̀. Wọ́n fọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, wọn kò rí ẹnu rẹ̀ pa. Ó gba ìlú mìíràn lọ, ó sì ń kọ ọ́ lọ.

Kì í ṣe kálàmù nìkan ló ní ẹnu, owó náà ní ẹnu. James Churchwill Vaughan, tí a bí ní òmìnira ní Camden ní South Carolina ní ọdún 1828, ni mo ń rò nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìdílé rẹ̀ ni pé Scipio baba rẹ̀, alágbẹ̀dẹ, ló sọ fún un kó tó kú pé kó padà sí Áfíríkà. Ó dé Liberia, ó dé ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1855 láti bá àwọn oníwàásù Baptist ṣiṣẹ́ káfíńtà. Ogun Ìjàyè lé e dé Abẹ́òkúta, ìfọ́lé ọdún 1867, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá fọ́ ilé àwọn oníwàásù, sì lé e dé Èkó, níbi tí ó ti là nínú òwò irin àti ohun èlò ilé. Àwọn Baptist tó bá ṣiṣẹ́ yẹn, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1845 ni, nígbà tí àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà yapa nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ní ẹrú lè jẹ́ oníwàásù! Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Nígbà tí òyìnbó tó jẹ́ olórí wọn ní Èkó kò fi ọ̀wọ̀ lo Moses Ládẹ̀jọ Stone, oníwàásù Yorùbá, ọ̀pọ̀ ìjọ bá Stone jáde ní ọdún 1888, wọ́n sì dá Native Baptist Church sílẹ̀, Vaughan sì wà ní iwájú wọn pẹ̀lú owó rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìléṣà kan wà nínú wọn, David Brown Vincent, tó bọ́ orúkọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1894, tó di Mojọlá Agbebi, tó sì wọ agbádá gun orí àga ìwàásù. Láti inú ìran Vaughan ni Dókítà J. C. Vaughan ti wá, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1934.

Mo yìn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń dùn mí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìròyìn wọn, gómìnà àti àwọn ọ̀mọ̀wé Ìta Tinúubú àti Marina ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Apẹja tó ń ju àwọ̀n ní etíkun wa, ẹrú tó ṣì ń pọnmi nínú agbolé olówó Èkó, ìyá tó ń ta gààrí ní Ẹ̀pẹ́, wọn kò lè kà á, ẹnikẹ́ni kò sì wá bi wọ́n léèrè. Àwọn tó jà kí dúdú lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ fi ọ̀pọ̀ dúdú sílẹ̀ láìlẹ́nu. Ó di ìgbà *Èkó Àkéte* ti Adéoyè Dẹ́nígà ní ọdún 1922 àti *Akéde Èkó* ti I. B. Thomas ní ọdún 1928 kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó gbilẹ̀ dáadáa nínú ìwé ìròyìn ìlú yìí.

Èyí ló mú mi dé Màrókò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Júláì ọdún 1990, lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ méje, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó fi katakata wó Màrókò, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ àti apẹja tó wà ní ojú ọ̀nà tí ẹ gbà kọjá kí ẹ tó dé ibí. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni a sọ pé wọ́n ń gbé níbẹ̀. A kó díẹ̀ nínú wọn sí Ìlàsàn àti Ìkọ̀tá, àwọn yòókù fọ́n ká. Ilé ńláńlá ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Chris Abani fi ìlú náà ṣe ibùdó ìtàn *GraceLand* ní ọdún 2004, àwọn agbẹjọ́rò sì ti kọ ìwé ẹ̀sùn lórúkọ wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Àmọ́ ìwé tí ará Màrókò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ní Yorùbá, ní èdè Ìlàjẹ, ní èdè Ègùn, tí ọmọ Ajah lè kà nílé-ìwé, kò sí ní ọwọ́ àwọn ọmọ tí mo ń wò ní iwájú mi yìí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ tó wà níjokòó pé kí ẹ bá mi ṣe iṣẹ́ kan. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ ní ọdún 1990 ti ń di àgbà ní Ìlàsàn àti Ìkọ̀tá. Ní ìlú Lẹ́kkí àti ní Ẹ̀pẹ́, àwọn bàbá kan ṣì wà tí bàbá wọn àgbà sọ ọ̀rọ̀ Palma àti ti Kòsọ́kọ́ fún. Fóònù tó wà lápò àwọn ọmọ wọ̀nyí lè gba ohùn sílẹ̀, owó tí a fi ń tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan kò sì tó owó tí à ń ná sórí aṣọ ẹbí. Kí a máa lọ bá wọn ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ méjì sí àgbà kan, kí wọ́n béèrè, kí wọ́n sì dákẹ́ gbọ́. Kí a kọ ọ́ ní èdè tí bàbá tàbí ìyá náà fi sọ ọ́, kí a kà á padà sí etí rẹ̀ kó lè tún un ṣe bó bá ti fẹ́, kí a sì fi orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Èmi yóò san owó ìtẹ̀wé ti àkọ́kọ́.